Yàrá Ẹ̀yìn ní Agboolé Abógunrìn

Ẹ̀yìn-ẹ̀yìn ni ọkùnrin náà ń rìn nígbà tí Tómisìn kọ́kọ́ fojú kàn án. Orí Òkè Mápó ni, ní Ìbàdàn, níbi tí ilẹ̀ ti dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ débi pé àgbàlagbà máa ń fọgbọ́n sọ̀ ọ́ ni. Ọkùnrin yìí kọ ẹ̀yìn sí ìsàlẹ̀, ó kọjú sí àwọn ọmọ ilé-ìwé tó ń tẹ̀ lé e, ó ń sọ̀rọ̀, ó ń ju ọwọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń wá ọ̀nà fúnra rẹ̀ láàárín òkúta àti gọ́tà. Fìlà tó ti ṣá wà lórí rẹ̀. Oòrùn àárọ̀ ń ta sí i lójú, kò sì dijú.

Tómisìn ló kẹ́yìn nínú bọ́ọ̀sì. Olùkọ́ ni ní ilé-ìwé aládàáni kan ní Ẹ̀gbẹ́dá, àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ló kó wá síbẹ̀ kí wọ́n lè fẹsẹ̀ rin ìlú àtijọ́ náà, kí wọ́n gbọ́ ìtàn rẹ̀. Fàdìlàt, ọmọbìnrin kan tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, ti bì sórí ìjókòó láti Ṣágámù, olùkọ́ rẹ̀ sì ní láti nu gbogbo rẹ̀ kó tó lè sọ̀ kalẹ̀. Bó ṣe gbójú sókè, àwọn ọmọ tí wọ́n fi síkàáwọ́ rẹ̀ ló rí lẹ́yìn ẹni tí kò rí iwájú.

"Ẹ rọra o! Ẹ máa ṣubú!" ló ké.

Ọkùnrin náà kò bojú wẹ̀yìn. "Ẹ má bẹ̀rù, Àǹtí. Bí mo bá kọjú síwájú, ta ni yóò máa wo àwọn ọmọ yín?"

"Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ni yóò máa wò yín?"

"Ẹ̀yin náà ti bẹ̀rẹ̀ ná."

Àwọn ọmọ hó yèè. Ojú ti Tómisìn, ó sì ṣe bí ẹni pé bàtà òun ló ń tún ṣe.

Jibril lorúkọ ọkùnrin náà. Ọmọ Ìbàdàn ni, àmọ́ Ìgándò ló ń gbé pẹ̀lú ìyá rẹ̀, kò sì níṣẹ́ méjì ju kó máa mú ọmọ ilé-ìwé rìn ká ìlú baba rẹ̀, kó máa sọ fún wọn ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ojúlé kọ̀ọ̀kan. Kì í gbé ìwé lọ́wọ́, kì í sì í purọ́ dídùn fún ọmọdé. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló mú kí àwọn ilé-ìwé kan fẹ́ràn rẹ̀, òun náà ló mú kí àwọn mìíràn má pè é lẹ́ẹ̀kejì.

Wọ́n kọjá Ọjàaba, wọ́n gba àárín àwọn ilé onípáànù tó ti dípẹtà, títí wọ́n fi dé agboolé Abógunrìn. Lẹ́yìn ilé ńlá tí àwọn ọmọ jagunjagun àtijọ́ kan ń gbé, yàrá alámọ̀ kan wà tí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kò ju àyà àgbàlagbà lọ. Mọ́gàjí agboolé náà jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń gbọ́ rédíò. Ó jẹ́ kíkí wọn lẹ́nu lásán, ó sì gbójú kúrò.

"Ẹ bẹ̀rẹ̀, ẹ wọlé," ni Jibril wí fún àwọn ọmọ. "Ẹ má tíì bi mí ní nǹkan kan."

Ọgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Ó ní kí ọmọ kọ́kọ́ tẹ ẹ̀yìn rẹ̀ ba kó tó gbọ́ ìdí rẹ̀. Nígbà tí gbogbo wọn wọlé tán, tí wọ́n ń fọwọ́ wá ara wọn nínú òkùnkùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́.

"Láyé ogun, àwọn jagunjagun ìlú yìí a máa lọ sí ilẹ̀ Èkìtì, wọn a máa kó èèyàn bọ̀ bí ẹni kó iṣu. Inú yàrá yìí ni wọ́n ń kó wọn sí. Wọ́n ṣe ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kúkúrú kí ẹnikẹ́ni má baà lè sáré jáde. Ọmọbìnrin kan wọ ibí, kò jù yín lọ. Orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́, kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n mọ́. Ogunmúyìíwá ni wọ́n ń pè é nílé yìí, bí ẹni ń sàmì sí ẹrù. Ibí ló dàgbà sí, ibí ló bímọ sí, ibí ló kú sí. Àwọn èèyàn rẹ̀ kò wá rà á padà." "Ìyá tó bí bàbá bàbá bàbá mi ni."

"Bọ̀dá," ni Fàdìlàt wí, "ṣé ẹrú lẹ̀yin náà nígbà yẹn?"

"Fàdìlàt!"

"Ẹ jẹ́ kó bèèrè, Àǹtí. Rárá, Fàdìlàt. Ọmọ ẹni tí wọ́n jí gbé ni mí. Ojú kò tì mí. Ẹni tó jí i gbé ló yẹ kójú tì."

Rédíò mọ́gàjí ròkè sí i níta. Ìtàn náà kì í tù ú lára, ó pẹ́ tó ti ń wù ú kí yàrá náà má sí níbẹ̀ mọ́. Kò kàn lè sọ pé irọ́ ni, torí ẹni tó ni ìtàn náà ló ń sọ ọ́.

Tómisìn ló jáde kẹ́yìn. Omijé kò jẹ́ kó rí ọ̀nà, ó gbàgbé láti bẹ̀rẹ̀, ó sì forí sọ òkè ẹnu ọ̀nà gbàgà. Jibril sáré gba omi tútù inú ọ̀rá lọ́wọ́ ọmọ kan, ó gbé e lé e níwájú orí.

"Ẹ ò kìlọ̀ fún mi," ni Tómisìn wí.

"Àwọn ọmọ ni mo ń wò."

"Ẹ ní mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í wò yín. Ẹ̀yin ò wá wò mí."

Jibril rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà kò pẹ́. "Mo wò yín. Mo rí i pé ẹ sunkún."

"Nínú òkùnkùn yẹn?"

"Ojú mi ti mọ́ òkùnkùn ibẹ̀ lára."

"Ará Èkìtì ni mí," ni Tómisìn wí. Kò mọ ìdí tóun fi sọ ọ́. Jibril kò gbé ọwọ́ kúrò lórí ọ̀rá omi náà títí ó fi lọ́ wọ́ọ́rọ́.

*

Láti Ìgándò dé Ẹ̀gbẹ́dá, kẹ̀kẹ́ ni èèyàn ń wọ̀, ẹni tí ìfẹ́ bá sì ń pa kì í ka eruku sí. Kò pẹ́ tí àwọn ọmọ ilé-ìwé fi mọ Jibril. Bó bá ti yọ lẹ́nu géètì, wọn a pariwo pé, "Àǹtí, Bọ̀dá Ìbàdàn ti dé o!" Tómisìn a sì máa fi tipátipá di ẹnu mú kó má rẹ́rìn-ín lójú ọ̀gá ilé-ìwé.

Wọn a rìn gba ojú ọ̀nà tó lọ sí Ìdímù, láàárín ariwo ọkọ̀ àti gbohùngbohùn ṣọ́ọ̀ṣì. Jibril a bọ́ síwájú, a kọjú sí i, a bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lẹ́yìn-lẹ́yìn bó ti mọ̀ ọ́n rìn. Lọ́jọ́ kan, díẹ̀ ló kù kí kẹ̀kẹ́ gbé e.

"Ṣé orí yín dá ṣáṣá báyìí?" Tómisìn ti dì í lápá mú. "Jibril, tí o bá kú sí mi lọ́wọ́ ńkọ́?"

"O gbọ́ ohun tí o sọ?"

"Kí ni mo sọ?"

"'O' lo pè mí. Látàárọ̀, 'ẹ' ni."

"Lọ jàre," ló wí, kò sì pè é ní "ẹ" mọ́ láti ọjọ́ náà.

Ìdíátù, ìyá Jibril, aránṣọ ni ní Ìgándò, opó sì ni. Lọ́jọ́ tí Tómisìn kọ́kọ́ wọ ilé rẹ̀, kó tó kí i tán ni ìyá náà ti fa téèpù yọ lọ́rùn, tó wọn ìbàdí rẹ̀. "O ti tín jù, ọmọ mi. Ṣé wọn kì í fún olùkọ́ lóúnjẹ ní Ẹ̀gbẹ́dá ni?" Ó gbàdúrà fún un ní èdè Lárúbáwá, Tómisìn ṣe àmín, ọ̀rọ̀ náà sì parí síbẹ̀.

Ọ̀dọ̀ bàbá Tómisìn ni wọ́n ti ń retí wàhálà. Alàgbà Akínlẹ́yẹ, ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, òun nìkan ló tọ́ ọmọbìnrin náà láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú. Òun ló ń di irun rẹ̀, òun ló ń ṣe oúnjẹ tó ń gbé lọ sílé-ìwé. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì, kò sí ẹni tó rò pé yóò gbà fún Mùsùlùmí. Bàbá náà ronú, ó gbàdúrà, ó wá sọ fún ọmọ rẹ̀ pé, "Ìyá tó bí mi, Mùsùlùmí ni kó tó délé bàbá mi. N kò ní í fi ti ẹ̀sìn dí ọ lọ́wọ́."

Ó tilẹ̀ fẹ́ràn Jibril. Ìtàn ni bàbá náà fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, kò sì rí ẹni bá a sọ ọ́ mọ́ láti ìgbà tó ti fẹ̀yìn tì. Bí Jibril bá wá, wọn a jókòó sí pálọ̀ títí tí Tómisìn á fi máa bèèrè pé ta ni Jibril fẹ́ fẹ́ gan-an, òun ni tàbí bàbá òun. Lọ́jọ́ kan ni bàbá ní òun fẹ́ bá àwọn ọmọ lọ sí Ìbàdàn, kóun náà fẹsẹ̀ òun rìn ín.

"Ṣé kí n fo agboolé Abógunrìn?" ni Jibril bi Tómisìn nígbà tó ń sìn ín jáde.

"Kí ló dé tí wàá fi fò ó? Ìtàn kọ́ ni Dádì mi fẹ́?"

Àwọn méjèèjì rò pé ẹni tó fẹ́ràn ìtàn yóò fẹ́ràn rẹ̀ níbi tó bá kan òun náà. Ọmọdé ló ń ṣe wọ́n.

*

Bàbá di àwọn ọmọ lọ́wọ́ mú sọ̀ Òkè Mápó kalẹ̀. Ara rẹ̀ yá gágá. Ó ń tún ọ̀rọ̀ sọ fún àwọn ọmọ, ó ń bi Jibril ní ìbéèrè tí Jibril kò lè dáhùn, inú àwọn méjèèjì sì ń dùn. Nígbà tí wọ́n dé yàrá ẹ̀yìn, àwọn ọmọ ti kún inú rẹ̀, kò sí àyè fún àgbà, ni bàbá bá dúró síta, ó gbé etí sí ẹnu ọ̀nà.

Gbogbo rẹ̀ ló gbọ́. Nígbà tí àwọn ọmọ fi máa jáde, ó ti ń dá nìkan lọ síbi tí bọ́ọ̀sì wà. Ojú fèrèsé ló ń wò títí wọ́n fi dé Ẹ̀gbẹ́dá.

Ó dúró di ìgbà tí Tómisìn gbé oúnjẹ ka iwájú rẹ̀. Kò fọwọ́ kàn án.

"Ọmọ mi, n kò lè fi ọ́ fún ilé ẹrú."

"Dádì!"

"Kí àwọn ará ilé wa tó jẹ́ kí a mú ọjọ́, wọn yóò ṣe ìwádìí. O mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọn yóò bèèrè ilé tó ti jáde, wọn yóò sì gbọ́. Èmi kọ́ ló ṣe ayé báyìí."

"Ará Èkìtì ni ìyá yẹn, Dádì. Tiwa ni."

"Tiwa ni?" Bàbá náà ti oúnjẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Tiwa tí a kò rà padà! Kí n lọ máa sọ èyí nílé, kí àwọn èèyàn máa bèèrè pé ilé ta ló pàdánù rẹ̀? Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí a bò mọ́lẹ̀ kí ọmọ lè rí ibi dúró."

Tómisìn bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ẹkún rẹ̀ kì í ṣe ohun tí bàbá náà lè gbà mọ́ra láti kékeré, ó sì rọ ohùn sílẹ̀.

"Jẹ́ kó wá síwájú èmi àti Báyọ̀dé àbúrò mi. Kó sọ pé ìtàn tóun fi ń dá àwọn ọmọ lára yá ni, pé òun kò bá ẹrú kankan tan. Bó bá ti sọ bẹ́ẹ̀, n ó mú ọjọ́ fún yín."

"Ṣé irọ́ lẹ fẹ́ kó pa?"

"Àlàáfíà ni mo fẹ́ kí o ní."

Ó yẹ kí Tómisìn kọ̀. Ẹ má jẹ́ kí n tàn yín, kò kọ̀. Ìfẹ́ ti wọ̀ ọ́ lẹ́wù, ẹni tó bá sì ń bẹ̀rù àtipàdánù bàbá àti ọkọ lẹ́ẹ̀kan náà, ohun tó bá kọ́kọ́ kan ọwọ́ rẹ̀ ló ń dì mú. Ó wá Jibril lọ sí Ìkọ̀tún, níbi tó ti ń ra bàtà tuntun fún ẹsẹ̀ tó ń fi rìn, ó sì fà á sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni, olólùfẹ́ mi. Ẹ̀ẹ̀kan péré."

"Tómisìn, ìyá mi ni."

"Ó ti kú, Jibril. Ó ti pẹ́ tó ti kú. Àwa la wà láàyè."

Jibril wò ó títí. Àwọn èèyàn ń gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá, wọ́n ń kọlù wọ́n. "Ṣé ohun tí o fẹ́ nìyẹn?"

"Ìwọ ni mo fẹ́."

"Ó dáa," ló wí, ó sì gbàgbé bàtà náà sọ́wọ́ ẹni tó ń tà á.

*

Ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi ni wọ́n lọ, òun àti Ìdíátù ìyá rẹ̀. Jibril dọ̀bálẹ̀ fún Alàgbà Akínlẹ́yẹ àti Báyọ̀dé, kò sì dìde kó tó sọ ọ́. Ilẹ̀ ló sọ ọ́ sí.

"Ẹ̀yin bàbá mi, ìtàn tí ẹ gbọ́ yẹn, mo fi ń mú inú àwọn ọmọ dùn ni. Kò sí ìyá kankan tó ń jẹ́ Ogunmúyìíwá nínú ìran wa."

Tómisìn ń gbọ́ ọ láti ilé ìdáná. Ó rò pé inú òun yóò dùn. Ohun tó ṣe é dà bí ìgbà tí èèyàn bá gbé omi gbígbóná mì, tí kò lè pọ̀ ọ́, tí kò sì lè sọ pé ó ń jó òun. Nínú pálọ̀, Báyọ̀dé ń sọ pé a dúpẹ́, bàbá sì ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ìdíátù kò gbójú sókè títí wọ́n fi dágbére.

Lẹ́yìn tí wọ́n wọ kẹ̀kẹ́ tán ni ìyá náà sọ̀rọ̀. "Bàbá rẹ sọ ìtàn yẹn fún ọ kó tó kú. Ẹnu rẹ̀ kò ran dáadáa mọ́, ó ṣì sọ ọ́." Ì bá sàn kó nà án.

Ìwádìí kì í tìtorí ọ̀rọ̀ ẹnu dúró. Báyọ̀dé gba Ìbàdàn lọ, ó bèèrè ọ̀nà dé agboolé Abógunrìn, ó sì bá mọ́gàjí níbi tó ti ń gbọ́ rédíò. Ó bi í bóyá ẹrú kan gbé ilé náà rí.

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?" ni mọ́gàjí bèèrè.

"Ọmọ tó ń mú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wá síbí. Òun náà ló sì tún wá sọ níwájú wa pé irọ́ lòun pa."

"Òun fúnra rẹ̀? Lẹ́nu ara rẹ̀?"

"Ìdọ̀bálẹ̀ ló wà tó fi sọ ọ́."

Mọ́gàjí ní kí wọ́n gbé ọtí ẹlẹ́rìndòdò wá fún àlejò òun. Báyọ̀dé padà sí Ẹ̀gbẹ́dá pẹ̀lú ìròyìn rere, bàbá sì mú ọjọ́.

Láti ìgbà náà ni Jibril ti ń kọjú síwájú bó bá ń mú ọmọ rìn. Ó ní ẹsẹ̀ ń dun òun. Bó bá dé Ọjàaba, ibòmíràn ló ń gbà, àwọn ọmọ a sì máa wo ilé ńlá, wọn a máa wo òkè, kò sì sí ohun tó ń bà wọ́n nínú jẹ́. Tómisìn a bá a ṣeré, a pè é ní Ìbàdàn òun, a bi í pé ta ló mú ẹ̀rín rẹ̀ lọ. Yóò dì í lọ́wọ́ mú, yóò ní kò sí nǹkan kan. Ó ń ṣe dáadáa sí i ju ti tẹ́lẹ̀ lọ pàápàá, ìyẹn gan-an ló sì ń dẹ́rù ba Tómisìn, torí bí èèyàn ṣe ń ṣe sí ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́ láìmọ̀ ló ń ṣe sí i.

*

Ìgbéyàwó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé nígbà tí Tómisìn tún kó àwọn ọmọ kíláàsì tuntun lọ. Nígbà tí wọ́n dé Ọjàaba tí Jibril fẹ́ yà, ó dì í lápá mú.

"Jẹ́ ká débẹ̀."

"Kí la fẹ́ lọ sọ níbẹ̀?"

"Ká kàn débẹ̀ ṣá. Àárò ibẹ̀ ń sọ ẹ́, mo mọ̀."

Wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ ilé ńlá kọjá sẹ́yìn. Òkìtì amọ̀ ni wọ́n bá. Wọ́n ti wó yàrá náà dé ìpìlẹ̀, òjò ti rọ̀ lé e, amọ̀ ọ̀hún ti ń padà di ilẹ̀. Wọ́n to búlọ́ọ̀kù sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ewúrẹ́ kan dúró lórí òkìtì náà, ó ń jẹun.

Jibril dúró bí ẹni tí wọ́n gbá létí.

"Ẹ káàbọ̀ o," ni mọ́gàjí wí láti ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Ṣọ́ọ̀bù la fẹ́ kọ́ síbẹ̀. Yàrá tí kò nítàn, kí la tún ń tọ́jú rẹ̀ sí? Ṣebí ìwọ lo ní irọ́ ni?"

Àwọn ọmọ tó kún ibẹ̀ ń wo Jibril, wọ́n ń retí kó sọ̀rọ̀. Ó kúnlẹ̀, ó fọwọ́ kó nínú amọ̀ náà, ó ń wò ó bí ẹni tó ń wá nǹkan, lẹ́yìn náà ló dójú bolẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

Ohun tó bọ́ sọ́kàn Tómisìn ni pé ọwọ́ òun ló wó o. Mọ́gàjí kọ́, Báyọ̀dé kọ́, bàbá òun pàápàá kọ́. Ẹni tó sọ ní Ìkọ̀tún pé ìyá náà ti kú ló tún un pa. Ó sì tún mọ̀ pé bóun bá la ẹnu níbẹ̀ báyìí, ọ̀rọ̀ náà yóò dé Ẹ̀gbẹ́dá kó tó di alẹ́, bàbá òun kò sì ní í fà òun lé ọkọ lọ́wọ́ láé. Bàbá tó di irun fún òun ni. Síbẹ̀, ó bọ́ síwájú àwọn ọmọ náà.

"Ẹ gbọ́ mi," ló wí. "Yàrá kan wà níbí. Ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kúrú, ẹ ó bẹ̀rẹ̀ dé ìdajì ara kí ẹ tó lè wọ̀ ọ́. Wọ́n kó àwọn èèyàn sínú rẹ̀, wọ́n jí wọn gbé láti Èkìtì. Ọmọ kékeré kan wà nínú wọn."

"Irọ́ ni!" ni mọ́gàjí wí. Ó ti dìde. "Ọmọ náà ti ní irọ́ ni!"

"Èmi ló bẹ̀ ẹ́ kó pa irọ́, sà. Tèmi ni irọ́ yẹn." Ó padà kọjú sí àwọn ọmọ. "Ogunmúyìíwá ni wọ́n ń pè é. Àwọn èèyàn rẹ̀ kò wá rà á padà. Àwa ni àwọn èèyàn rẹ̀."

Ọmọ kan bèèrè bí Àǹtí ṣe mọ̀ ọ́n.

"Ìyá ńlá ọkọ mi ni," ni Tómisìn wí.

*

Nínú bọ́ọ̀sì, wọ́n jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn níwájú. Ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ ti sùn. Amọ̀ ṣì wà lábẹ́ èékánná Jibril.

"Ọkọ ta?" ló bèèrè nígbà tí wọ́n ń wọ Èkó. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa sọ̀rọ̀.

"Tèmi. Tó o bá ṣì fẹ́ mi. Bí o bá ní o ò fẹ́ mi mọ́, mi ò ní bínú."

"Yàrá yẹn ò lè dìde mọ́, Tómisìn."

"Mo mọ̀."

"N óò máa rántí. Àwọn ọjọ́ kan á wà tí màá wò ẹ́, tí màá rántí."

"Mo mọ̀. Máa wò mí náà."

Ó fà á mọ́ra. Ìyẹn kì í ṣe ìdáríjì tán, ṣùgbọ́n òun ni ibi tí ìdáríjì ti ń bẹ̀rẹ̀.

Tómisìn kò jẹ́ kí ẹlòmíràn bá òun sọ ọ́ fún bàbá. Ó kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó sọ gbogbo rẹ̀, ti irọ́, ti yàrá tó wó, ti ohun tóun sọ lójú àwọn ọmọ. Bàbá kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo.

"N kò bínú sí ọmọ yẹn," ló wí níkẹyìn. "Èèyàn gidi ni. Ó ṣeé ṣe kó sàn jù mí lọ. Ṣùgbọ́n n kò lè gbé e, Tómisìn. Mo ti dàgbà jù. N kò lè jókòó láàárín àwọn èèyàn mi kí n fi ọ́ fún ilé yẹn."

"Dádì, ẹ kàn gbàdúrà fún mi."

Ó na ọwọ́ sí orí ọmọ rẹ̀, ó sì fà á padà. Ó dìde, ó wọ yàrá lọ, ó rọra ti ilẹ̀kùn.

Ilé ìforúkọsílẹ̀ ìgbéyàwó ni wọ́n ti so wọ́n pọ̀. Olùkọ́ ẹgbẹ́ Tómisìn kan ló dúró fún un bí ará ilé. Àga tí wọ́n fi sílẹ̀ fún bàbá ìyàwó, kò sí ẹni tó jókòó sí i. Tómisìn ń bojú wo ẹnu ọ̀nà títí akọ̀wé fi sọ fún un pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé àwọn mìíràn ń dúró níta.

Nígbà tí wọ́n dé Ìgándò, Jibril wọlé, ó ní kí Tómisìn dúró lẹ́nu ọ̀nà gẹ́gẹ́ bí àṣà. Àwọn obìnrin ilé ọkọ ló yẹ kó wẹ ẹsẹ̀ ìyàwó kó tó wọlé, àmọ́ àwọn ti agboolé Abógunrìn ní Ìbàdàn, tó jẹ́ ẹbí bàbá Jibril, ti ránṣẹ́ pé àwọn kò ní í wá, pé ẹni tó dójú ti agboolé níwájú ọmọdé kì í ṣe ìyàwó àwọn. Ìdíátù nìkan ló jáde, ó gbé abọ́ omi tútù lọ́wọ́. Ó kúnlẹ̀ tìṣòro-tìṣòro, torí orúnkún ń dùn ún. Tómisìn fẹ́ fà á dìde, ìyá náà lù ú lọ́wọ́.

"Dúró. Ẹsẹ̀ rẹ dà?"

Ó bu omi, ó rọra dà á sí i, ó ń fọwọ́ wẹ̀ ẹ́ láti ọrùn ẹsẹ̀ dé àtẹ́lẹsẹ̀.

"Ọ̀nà tí o rìn kò rọrùn," ló wí. "Bàbá rẹ kò fà ọ́ lé wa lọ́wọ́. Kò sẹ́ni tó sìn ọ́ wá. Ṣùgbọ́n ogun kọ́ ló mú ọ wá, ọmọ mi, wọn ò jí ọ gbé wá, wọn ò sì dè ọ́ wá. Ìwọ lo fẹsẹ̀ ara rẹ wá. Ní ìran yìí, o gbọ́, ní ìran yìí, ìwọ lo lè jáde bó bá wù ọ́, síbẹ̀ o wọlé."

Ẹkún tí Tómisìn ti ń mú mọ́ra láti òwúrọ̀ já lu ìyá náà ní ẹ̀yìn. Kò gbìyànjú láti dá a dúró. Ó di èjìká Ìdíátù mú kó má baà ṣubú, ó sì gbé ẹsẹ̀ kejì sínú omi.